Ta Ni Ó Ni Ẹja Tí Kì Í Dúró?

Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ohun kan wá láti ilé, ohunkóhun tí ó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, kí a lè fi í kọ́ ẹ̀kọ́ lórí òwò àgbáyé. Ọ̀kan mú àpò ìrẹsì òfìfo wá, òmíràn mú bàtà bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú agolo ẹja wá, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń sáré rà ní ọjà Ouando nígbà tí àlejò bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Ó ti fọ agolo náà mọ́ tónítóní. A ní kí ó ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ sókè. Ó kà á pé listao ni irú ẹja náà, Abidjan ni wọ́n ti dì í, òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n ti pa á. Lẹ́yìn náà ni ó kan lẹ́tà mẹ́ta, FAO, àti nọ́ńbà kan, 34.

A ṣí ìwé àwòrán ayé. A ṣàlàyé fún wọn pé FAO ni àjọ tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé kalẹ̀ lórí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, pé òun ni ó pín gbogbo òkun ayé sí àgbègbè onínọ́ńbà, àti pé 34 bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu omi Gibraltar, ó gba etí Senegal sọ̀kalẹ̀, ó yà wọ apá òkun tí àwọn Faransé ń pè ní golfe de Guinée, ó sì lọ dé itòsí ẹnu odò Kóńgò. Kútọnu wà nínú rẹ̀. Lomé wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo àwòrán náà títí, ó ní: «Monsieur, òkun wa nìyí. Ta ni ó ta ẹja inú rẹ̀?»

A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. A sọ fún un pé a ó wádìí. Ohun tí a rí ni a kó wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé Kétu, Ṣábẹ tàbí Atakpamé, tí òkun jìnnà sí yín, tí ẹ sì lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn apẹja etíkun nìkan ni.

Ẹja tí a ń wí yìí, túnà ni a ó máa pè é. Àwọn tí ó lọ sí ilé ìwé Faransé mọ̀ ọ́n sí thon. Kì í gbé ojú kan. Bí ó bá dúró, èémí rẹ̀ yóò pin, nítorí ìrìn rẹ̀ ni ó ń ti omi gba ẹnu rẹ̀ kọjá tí ó fi ń mí. Ara rẹ̀ gbóná ju omi tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lọ, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láàrin ẹja. Listao ni ó kéré jù nínú àwọn ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ ńlá ń wá, òun náà ni ó sì pọ̀ jù: nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 5 tọ́ọ̀nù túnà tí ayé ń pa lọ́dún, ohun tí ó lé ní ìdajì ni listao. Albacore àti patudo lè wọ̀n ju 100 kílò lọ. Thon rouge ni ọba gbogbo wọn, tí àwọn ará Jàpáánì ń jẹ ní tútù. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, wọ́n ta ẹyọ kan tí ó wọn 278 kílò ní ọjà Tokyo ní mílíọ̀nù 333.6 yẹ́ẹ̀nì, ó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là. (Ìpolówó ọdún tuntun ni iye náà, kò sí ẹni tí ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ jẹun lójoojúmọ́.)

Ohun tí ó kàn wá jù nínú ìwà ẹja yìí ni ìrìn rẹ̀. Albacore ń yé ẹyin sínú òkun Guinea, lẹ́bàá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, láàrin oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kẹrin. Àwọn onímọ̀ ti fi àmì sí ara àwọn kan ní etíkun Amẹ́ríkà, ìhà ọ̀dọ̀ wa ni a sì ti wá pa wọ́n. Ẹ rò ó wò bí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Ẹtu kan sùn ní oko Kétu, ó jẹ ilá ní oko Ìmẹ̀kọ, ó bímọ sí igbó tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ta ni ó ni í? Bí a bá ní ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yìnbọn ni, ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ gùn jù ni yóò kó gbogbo ẹtu ayé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí lórí òkun fún ìgbà pípẹ́.

Ìbọn ibẹ̀ sì gùn lóòótọ́. Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pá àti ìwọ̀ ni àwọn ọkọ̀ tí ń pa túnà láti Dakar fi ń ṣiṣẹ́. Wọn a da ẹja wẹ́wẹ́ tí ó wà láàyè sínú omi, túnà a rọ́ wá, àwọn ọkùnrin a tò sí etí ọkọ̀, wọn a máa fà wọ́n sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni senneur dé, ọkọ̀ irin tí àwọ̀n rẹ̀ lè gùn tó kìlómítà kan àti ààbọ̀, kí ó sì jìn tó 200 mítà. Wọn a fi í yí agbo ẹja ká, wọn a wá fa okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bí ẹni fún ẹnu àpò owó. Ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ kò tún lọ mọ́.

Síbẹ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí agbo ẹja, òkun sì fẹ̀. Igi lílé ni ó yanjú èyí. Ó ti pẹ́ tí àwọn apẹja ti mọ̀ pé bí igi ńlá bá ń léfòó lójú òkun, ẹja a máa kó sí abẹ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí 1990, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe igi tiwọn káàkiri: ọparun àti àwọ̀n àlòkù tí wọ́n so pọ̀, tí Faransé ń pè ní DCP. Wọ́n ń so ẹ̀rọ mọ́ ọn tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, òmíràn sì wà tí ń fi ìró wádìí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ omi. Ọ̀gá ọkọ̀ yóò jókòó síbi tí ó wà, ẹ̀rọ yóò sọ fún un pé abẹ́ igi báyìí ti kún. Ọdẹ kò wá ẹran mọ́; ẹran ni ó ń ránṣẹ́ pe ọdẹ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe listao nìkan ni ó ń sá sí abẹ́ igi. Àwọn ọmọ patudo àti ọmọ albacore tí wọn kò tíì yé ẹyin rí náà ń bẹ níbẹ̀, àwọ̀n kò sì mọ ọmọ yàtọ̀ sí àgbà. Patudo tí ìbá dàgbà di 100 kílò ni a ń gbé jáde ní kílò mélòó kan péré.

Nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Abidjan, ilé iṣẹ́ tí ń di ẹja sínú agolo yóò ṣa èyí tí ó tóbi tó, tí ara rẹ̀ sì dá. Ìyókù, àwọn kéékèèké, àwọn tí ó ti fàya, àwọn irú mìíràn tí ó bá wọn wọ àwọ̀n, ni wọ́n ń pè ní faux poisson, bí ẹni pé ẹja èké ni. Èké kọ́. Àwọn oníṣòwò a rà á ní èbúté, wọn a tà á fún àwọn tí ń dín in, a ó sì fi jẹ attiéké: garba nìyẹn. Ìtàn tí àwọn ará Abidjan ń sọ ni pé orúkọ mínísítà kan, Dicoh Garba, tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ní àwọn ọdún 1970, ni wọ́n fi sọ oúnjẹ náà. Ẹni tí ó bá ní ẹbí ní Treichville tàbí Adjamé, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní, mọ̀ ọ́n dáadáa. A jẹ ẹ́ nígbà tí a lọ kí àbúrò wa níbẹ̀, àní a jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a kò sì mọ̀ pé ọmọ patudo lè wà nínú àwo wa.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi rọrùn bí àwọn kan ti ń sọ ọ́ láti Yúróòpù. Ẹja tí ìwé ìṣirò kò kà péye fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti bíríkìlà ìlú ńlá kan. Bí a bá fi òfin dá a dúró lójijì, àwo wọn yóò ṣófo. Bí a kò bá sì dín in kù, àgbà ẹja yóò tán, ọmọ rẹ̀ náà yóò tán.

Ta ni ó wá ní àṣẹ láti dín in kù? Òfin Òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Montego Bay, ní ilẹ̀ Jàmáíkà, ní oṣù kejìlá 1982, fún orílẹ̀-èdè etíkun kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ lórí ẹja tí ó wà láàrin 200 máìlì òkun sí etí ilẹ̀ rẹ̀. Èyí dára fún ẹja tí ń gbé ojú kan. Ní ti túnà, òfin náà sọ pé kí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pa ọwọ́ pọ̀. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ní òun kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ní àṣẹ lórí ẹja tí ń rìn kiri. Òfin ẹja tirẹ̀ ti 1976 yọ túnà sílẹ̀ gedegbe. Ìdí rẹ̀ kò farasin: àwọn ọkọ̀ tirẹ̀ ni ó ń pa túnà ní etí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Àárín òkun Pàsífíìkì, níbi tí ohun tí ó ju ìdajì túnà ayé lọ ti ń wá, ni àtakò ti kọ́kọ́ dìde, ibẹ̀ náà sì ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí èsì fún ìbéèrè ọmọbìnrin wa. Ní oṣù kejì 1982, kí a tó dé Montego Bay rárá, orílẹ̀-èdè méje fẹnu kò ní erékùṣù Nauru: Nauru fúnra rẹ̀, Kiribati, Palau, Micronesia, àwọn Erékùṣù Marshall, àwọn Erékùṣù Solomon àti Papua New Guinea. Tuvalu dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Nauru àti Tuvalu, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní tó ènìyàn 15,000. Àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ lè jù wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé àwọn kì yóò jẹ́ kí ọkọ̀ àlejò máa nájà pẹ̀lú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, kí ó má baà ti ọ̀dọ̀ Kiribati lọ sọ fún Nauru pé aládùúgbò rẹ ti gba iye tí ó kéré sí èyí.

Ìdánwò dé ní oṣù kẹfà 1984. Àwọn ará Solomon mú ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jeannette Diana, tí ń pa túnà nínú omi wọn láìgba àṣẹ. Ilé ẹjọ́ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Amẹ́ríkà bínú, ó ní òun kì yóò ra túnà Solomon mọ́. Solomon, tí ẹja wà lára ohun díẹ̀ tí ó ní láti tà fún ayé, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó polówó ọkọ̀ náà fún ẹni tí ó bá lè rà á. Nígbẹ̀yìn, ọlọ́kọ̀ wá fi owó ra ọkọ̀ ara rẹ̀. Ní 1985, Kiribati ta àṣẹ ẹja pípa fún àwọn Sófíẹ̀tì. Ìyẹn ni ó jí Washington lójú oorun, nítorí ìgbà Ogun Tútù ni, kò sì fẹ́ rí ọkọ̀ Rọ́ṣíà ní àgbègbè náà. Ní 1987, ní Port Moresby, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Pàsífíìkì, ó sì gbà láti máa sanwó.

Owó náà kò tíì pọ̀. Èyí tí ó yí ọ̀rọ̀ padà bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ọgbọ́n rẹ̀ sì rọrùn débi pé a ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì láìlo pátákó. Kàkà kí wọ́n máa ta ẹja, tí kò sí ẹni tí ó lè kà á tán lábẹ́ omi, ọjọ́ ni wọ́n ń tà. Lọ́dọọdún, wọn a fẹnu kò sí iye ọjọ́ tí gbogbo senneur lè fi ṣiṣẹ́ nínú omi wọn lápapọ̀, wọn a pín in láàrin ara wọn, ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ ọjọ́ kan yóò rà á. Wọ́n wá fi ìpìlẹ̀ sí owó náà: kò gbọdọ̀ dín ní 8,000 dọ́là fún ọjọ́ kan, èyí tí ó sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún owó sẹ́fà. Sátẹ́láìtì ń sọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Wọ́n fi alámòójútó sínú àwọn senneur láti máa kọ ohun tí a pa sílẹ̀. Wọ́n sì ya oṣù mélòó kan sọ́tọ̀ lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da àwọ̀n yí igi lílé ká. Owó tí ń wọlé fún wọn, tí ó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 60 dọ́là ní 2010, sún mọ́ mílíọ̀nù 500 kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Kì í ṣe pé ẹja ni ó di ìlọ́po mẹ́jọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á ni ó yí padà.

Àwọn baba wa ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. À ń sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé ẹgbẹ́, a sì máa ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kí a tó dé ilé. Àwọn ará erékùṣù yìí ṣe é, wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ara tù wọ́n tán. Ní Kiribati, ohun tí ó lé ní ìdajì owó ìjọba ni ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹja wá, àwọn onímọ̀ sì ń kìlọ̀ pé bí omi òkun ti ń gbóná sí i, listao lè máa ṣí lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, títí dé ojú òkun tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òkun tiwa. Madrid ni a ti ń pín túnà Àtìláńtíìkì, ní ọ́fíìsì àjọ kan tí a fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Rio de Janeiro ní 1966. ICCAT ni orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú. CICTA ni ní Faransé. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 50: Yúróòpù, Jàpáánì àti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Côte d'Ivoire, Gánà, Senegal àti Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Ìfohùnṣọ̀kan ni wọ́n sábà fi ń ṣe ìpinnu, nítorí náà ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń kọ̀ lè kọ̀ pẹ́.

Ìtàn thon rouge fi agbára àti àìlera àjọ náà hàn. Ní 2006, àwọn onímọ̀ rẹ̀ ní kí èyí tí a ó pa ní ìlà-oòrùn Àtìláńtíìkì àti Mẹditaréníà má ju nǹkan bí 15,000 tọ́ọ̀nù lọ. Àwọn aṣojú ìjọba fi í sí 29,500 fún 2007, àwọn onímọ̀ náà sì gbà pé èyí tí a ń pa gan-an lé ní 50,000. Ní 2010, Monaco bẹ àgbáyé ní Doha pé kí a fòfin de òwò ẹja náà. Wọ́n dìbò, Monaco kò rí i gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wọ ara àwọn oníṣòwò. Wọ́n sọ ìpín ọdún náà di 13,500, wọ́n fi ojú sí ọkọ̀ àti èbúté, wọn kò sì tètè dẹwọ́. Ẹja náà padà bọ̀ sípò débi pé ìpín ọdún 2020 di 36,000.

Ó ṣeé ṣe nìyẹn. Ẹ wá wo patudo, tí ọmọ rẹ̀ ń kú sábẹ́ igi lílé nínú òkun Guinea. Ní 2018, àwọn onímọ̀ sọ pé a ti pa á ju bí ó ti yẹ lọ. Ìpín rẹ̀ jẹ́ 65,000 tọ́ọ̀nù, a sì ń pa á kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣojú pàdé ní Dubrovnik ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n sì tú ká láìfẹnu kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ó di 2019 kí wọ́n tó gbà pé kí ìpín di 62,500 fún 2020, kí a sì pa igi lílé tì fún oṣù méjì ní ọdún náà, oṣù mẹ́ta ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. A kò rò pé ó ṣèèṣì pé thon rouge, ẹja àwọn olówó, ni ó kọ́kọ́ rí ìtọ́jú tí ó péye. Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru àlejò: àwọn orílẹ̀-èdè wa tí ó wà nínú àjọ náà fẹ́ kí ọkọ̀ tiwọn náà pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé àwo òun ti tó.

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ńkọ́? Etíkun Bẹ̀nẹ̀ kò gùn tó 130 kìlómítà, ti Tógò kò tó 60. Omi wa dà bí ọ̀nà tóóró láàrin ilé méjì. Senneur kan lè la ti Tógò kọjá láàrin wákàtí mẹ́ta. Nǹkan mìíràn ni Tógò fi di ẹni tí a mọ̀ nínú òwò ẹja: àsíá rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ará Tógò ń gbé àsíá náà kiri òkun jíjìn, láìsí ẹni tí ń bi wọ́n léèrè tó bí ó ti yẹ. Ní oṣù kọkànlá 2012, Yúróòpù na káàdì ìyẹ́lò sí Tógò, ìkìlọ̀ pé bí kò bá tún ilé ṣe, a kì yóò ra ẹja tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Tógò tún òfin rẹ̀ ṣe, ó sì yọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2014, wọ́n gba káàdì náà padà. A sọ èyí nítorí pé a kì í sábà gbọ́ ọ: orílẹ̀-èdè kékeré tún nǹkan ṣe láàrin ọdún méjì, kò sì sí ẹni tí ó lù ú ní ìlù.

Àgbájọ ọwọ́ pàápàá kò ṣàìsí lọ́dọ̀ wa. Láti 2007 ni Làìbéríà, Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹja, tí Faransé ń pè ní CPCO, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Tema. Wọ́n ń fi orúkọ ọkọ̀ tí ó bá ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn, kí ẹni tí a lé kúrò ní èbúté kan má baà sá wọ èkejì. Mẹ́fà ni wọ́n. Nauru bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méje. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan títa àṣẹ túnà fún ọkọ̀ òkèèrè, olúkúlùkù ṣì ń dá lọ sí ìdí tábìlì. Côte d'Ivoire ní àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú Yúróòpù, Làìbéríà náà ti ṣe tirẹ̀. A kò tíì gbọ́ pé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ sọ iye kan pé èyí ni kò gbọdọ̀ dín.

A padà sí kíláàsì pẹ̀lú agolo náà. A sọ fún ọmọbìnrin náà pé a kò rí orúkọ ẹni tí ó ta ẹja inú rẹ̀, nítorí agolo kò sọ ọkọ̀ tí ó pa á, kò sì sọ omi orílẹ̀-èdè tí a ti pa á. Nọ́ńbà 34 nìkan ni ó sọ, 34 sì gba gbogbo wa láti Senegal títí dé Kóńgò. A sọ ìtàn Jeannette Diana fún wọn. Ìgbà tí ọlọ́kọ̀ wá ra ọkọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n rẹ́rìn-ín jù. Ó wá béèrè ìgbà tí àwọn ará Madrid máa ń ṣe ìpàdé ńlá wọn. A ní oṣù kọkànlá ni, lọ́dọọdún. Ó béèrè èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. A ní Gẹ̀ẹ́sì, èdè Sípéènì àti Faransé.

«Faransé?» ni ó wí. Ó gba agolo rẹ̀ lọ́wọ́ wa, ó ṣí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó sì kọ oṣù náà sílẹ̀.